Ará Etí Ìlà

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òǹkọ̀wé, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ọ̀rọ̀ àìsí iná ló máa ń pọ̀ jù nínú ìwé wa yìí. Ẹ gbà mí láàyè lẹ́ẹ̀kan yìí, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo gbé wá. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, kó ṣáà fara dà á, kò ní pẹ́ tán.

Nínú bọ́ọ̀lù àdúgbò, ẹnikẹ́ni kì í fúnra rẹ̀ yan wíńgì. Ẹ̀yin tí ẹ gbá mọ́ńkẹ́ẹ̀ pósì ní Ṣágámù tàbí ní Ìperu mọ ohun tí mò ń wí. Ẹni tó ni bọ́ọ̀lù á gbá iwájú, ẹni tó lágbára jù á dúró sí àárín, ẹni tó sanra á ṣọ́lé. Ẹni tó bá kù, tó tín-ín-rín, tí wọn ò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa, wọ́n á ní, "Ìwọ, lọ sí ẹ̀gbẹ́ yẹn." Bí mo ṣe di ará etí ìlà nìyẹn láti ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ó sì wá bá mi lára mu. Tí o bá wà létí ìlà, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ti lè wá bá ọ, ìlà ń bá ọ ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì.

Dáírẹ́ẹ̀tì Ẹ́ńtírì ni mo gbà wọlé síbí, mi ò bá wọn ṣe ọdún kìn-ín-ní. Nígbà tí mo fi máa dé Ìkẹ́nnẹ́, ikọ̀ bọ́ọ̀lù ẹ̀ka wa ti jókòó pa. Àwọn tó jọ ń se ẹ̀wà nínú yàrá kan náà láti ọdún kìn-ín-ní, àwọn náà ló jọ ń fún ara wọn ní bọ́ọ̀lù. Oṣù mẹ́ta ni mo ti lò nínú kíláàsì, ẹni mẹ́fà péré ló mọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Àwọn yòókù, "D.E." ni wọ́n ń pè mí. D.E., sún kúrò níbẹ̀. D.E., bá wa pa fáànù. Ẹni tó bá wà nínú ikọ̀, títí kan ìyá tó ń ta mọ́ínmọ́ín lẹ́nu géètì ló mọ orúkọ rẹ̀. Ohun tí mò ń wá nìyẹn, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ni wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri pé àwọn fẹ́ yan ikọ̀ tuntun. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìdánwò, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ààyè méjìdínlógún. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo ka orí: àwa mẹ́tàlélógójì. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wa, tí òun náà ń kàwé ní ọdún kẹrin, wo ibi tí mo kọ "wíńgì ọ̀tún" sí, ó wá wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ṣé o lè sáré?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo lè sáré."

"Àá rí i."

Ẹ mọ pápá wa. Ilẹ̀ pupa ni, òkúta wẹ́wẹ́ kún inú ẹ̀, kòtò kan sì wà nítòsí igun ọ̀tún tí àlejò á fẹsẹ̀ rọ́ níbẹ̀. Tọkàntọkàn ni mo fi há ibi tí kòtò yẹn wà sórí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mo ń ka iye ìgbà tí bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ mi. Ọjọ́ Ajé, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀ẹ̀mẹta, atẹ́gùn ló sì gbé ọ̀kan wá nínú rẹ̀. Ọjọ́rú, ẹ̀ẹ̀kan. Nọ́ńbà 10 wa mọ bọ́ọ̀lù gbá, kí n má parọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n bí mo bá na ọwọ́ sókè, ṣe ló máa ń wò mí bí ẹni tó ń wo ọlọ́kadà tí kò fẹ́ gùn. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá gbà mí níyànjú pé kí n kúrò létí ìlà, kí n bọ́ sáàrin lọ jà fún bọ́ọ̀lù. Ó ní, "Ṣé wọ́n á yan ẹni tí kò fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù ni?" Ìbéèrè gidi ni. Mi ò rí èsì fún un.

Ìkẹ́nnẹ́ kì í ṣe ìlú tí èèyàn á ti máa wá ibi tó ti máa rí bọ́ọ̀lù wò. Pápá Remo Stars wà níbẹ̀. Ikọ̀ yìí ṣe ipò kejì ní líìgì ilẹ̀ wa ní sáà 2022/23, wọ́n tún ṣe ipò kejì ní 2023/24, àwọn ènìyàn sì ti ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Lóṣù kẹrin ọdún 2025 ni wọ́n na Niger Tornadoes 1-0 níbẹ̀ yẹn, tí wọ́n gba líìgì fún ìgbà àkọ́kọ́, tó sì ṣì ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta. Daniel Ogunmodede ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà náà. Ariwo ọjọ́ yẹn, ẹni tó wà ní Ìlíṣàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ṣáájú ariwo yẹn, ní òpin ọ̀sẹ̀ tó wà láàrin ìdánwò wa méjèèjì, mo lọ síbẹ̀ lọ jókòó. Mo yan wíńgà kan, mo sì fi odindi ìṣẹ́jú 45 wo òun nìkan. Mi ò wo bọ́ọ̀lù rárá. Ẹ dán an wò lọ́jọ́ kan, ó le ju bí ẹ ṣe rò lọ, ojú á máa fà ọ́ lọ síbi tí ariwo wà. Bí bọ́ọ̀lù bá wà lódìkejì, wíńgà yìí á fẹ̀ títí bàtà rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹfun tí wọ́n fi fa ìlà. Dìfẹ́ńdà tó ń ṣọ́ ọ á tẹ̀ lé e, tipátipá. Àlàfo á ṣí sílẹ̀ láàrin, ẹlòmíràn á gba ibẹ̀ wọlé. Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́ fún un. Á sá padà, á tún bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbà wíńgà wa ńkọ́? Ẹ béèrè Ṣẹ́gun Ọdẹgbàmí lọ́wọ́ bàbá yín, ẹni tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1952, tí wọ́n ń pè ní "Mathematical". Ó kàwé ní Pólì Ìbàdàn, ó sì ń gbá wíńgì ọ̀tún fún Shooting Stars. Nígbà tí Nàìjíríà na Àlgéríà 3-0 ní Sùúrùlérè lọ́jọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, tí a gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, òun ló jẹ méjì nínú ayò mẹ́ta yẹn. Adokiye Amiesimaka tó ń gbá wíńgì òsì nígbà ayé wọn, ìmọ̀ òfin ló kọ́ ní Yunifásítì Èkó. "Chief Justice" ni wọ́n ń pè é lórí rédíò. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé ìwé àti bọ́ọ̀lù kì í gbé inú ilé kan.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí mo ròyìn ìyà mi fún un lórí fóònù, ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. Ó ní iṣẹ́ tí mò ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ yẹn, owó gọbọi ni wọ́n ń gbà lórí ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Bọ́ọ̀lù tiwọn ṣe ṣóńṣó lórí méjèèjì bí èso kòkó, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń gbé e sá. Ẹni tí wọ́n ń pè ní wide receiver máa ń dúró létí pápá bíi tèmi. Kí bọ́ọ̀lù tó gbéra, wọ́n ti sọ ọ̀nà tí yóò sá fún un: sá lọ tààrà, dé ibí, yà sí ọ̀tún. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè máa sá lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù sí. Àwọn yòókù gbọ́dọ̀ sá a bíi pé tiwọn ló ń bọ̀, torí tí wọ́n bá fà sẹ́yìn, ẹni tó ń ṣọ́ wọn á fi wọ́n sílẹ̀, á lọ bá ẹni tí bọ́ọ̀lù ń lọ bá.

Ó wá sọ̀rọ̀ ẹnì kan fún mi, Olamide Zaccheaus. Ẹ ṣáà gbọ́ orúkọ yẹn: Ọlámidé. Kò ga, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íǹṣì mẹ́jọ ni. Nígbà tí àwọn ikọ̀ NFL ń yan ọmọ tuntun lọ́dún 2019, ẹnikẹ́ni ò pe orúkọ rẹ̀. Atlanta Falcons mú un wọlé lẹ́yìn náà, ó jà títí ó fi rí ààyè. Lọ́jọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún yẹn, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó máa mú nínú NFL, yáàdì 93 ló fi yọrí, ó gbé e wọlé. Ẹ rántí pé láti ìlà ayò kan dé èkejì, yáàdì 100 ni gbogbo pápá ọ̀hún.

Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, sáà wọn bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹsàn-án. Kí ló wá ń ṣe títí di oṣù kejìlá?"

Ó ní, "Ó ń sáré."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mi ò ka bọ́ọ̀lù mọ́. Mo ń sáré. Balógun ikọ̀ wa ló ń gbá ẹ̀yìn òsì fún ẹgbẹ́ kejì, òun ló ń ṣọ́ mi. Bí nọ́ńbà 10 bá ti gba bọ́ọ̀lù báyìí, mo ti fẹ̀ lọ sétí ìlà, mo ti ń lọ. Bọ́ọ̀lù ò wá. Mo padà. Mo tún lọ. Ní Ọjọ́rú, balógun kígbe pé, "Ẹ bá mi kìlọ̀ fún D.E. o, ó fẹ́ pa mí!" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Akọ́nimọ̀ọ́gbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó ń kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ló parí. Bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ nọ́ńbà 10, mo gbéra, mo yẹ kòtò yẹn sílẹ̀, balógun tẹ̀ lé mi pẹ̀lú ìbínú. Ibi tó fi sílẹ̀ fẹ̀ tó ojú títì Ṣágámù. Nọ́ńbà 10 ti bọ́ọ̀lù gba ibẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó di ayò. Wọ́n lọ dì mọ́ ọ̀rẹ́ náà, eruku gba gbogbo ilẹ̀. Èmi àti balógun wà létí ìlà lọ́hùn-ún, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú, ó ń mí gùlegùle.

Ó gbójú sókè. Ó ní, "Kí lorúkọ rẹ gan-an?"

Mo sọ ọ́ fún un.

Ìwé jáde ní ọjọ́ Ẹtì. Èmi ni ẹni kẹtàdínlógún. Wọ́n ti kọ́kọ́ kọ "D.E." síbẹ̀, ẹnì kan ti fi bírò fa ìlà sí i nínú, ó kọ orúkọ mi sókè rẹ̀, ó tilẹ̀ fi àmì sí i. Jẹ́sì nọ́ńbà 7 ti ní olówó. 19 ni wọ́n fún mi, ó gùn dé itan, ó sì ń rùn fún òógùn ẹni tó wọ̀ ọ́ kẹ́yìn.

Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wa àkọ́kọ́, orí bẹ́ǹṣì ni mo wà títí di ìṣẹ́jú àádọ́rin. Kò tíì sẹ́ni tó jẹ ayò. Mo wọlé, mo lọ dúró síbi tí mo mọ̀. Mo sá ẹ̀ẹ̀mẹfà, bọ́ọ̀lù ò dé. Nígbà keje, nọ́ńbà 10 gbójú sókè, ó rí mi, ó gbá a gùn-ún-gùn. Ó le jù, ó kọjá lórí mi, ó jáde lọ bá àwọn tó ń ta píọ́ wọ́tà. Ó nawọ́ sí mi láti àárín pápá, ó ní kí n má bínú.

Mo gbé àtàǹpàkò sókè fún un, mo sá padà.