Ohùn Dagrin ní Igolo

Ohùn tó ha ni. Ẹ máa gbọ́ ọ láti inú fóònù àwọn ọlọ́kadà, àwọn tí à ń pè ní zẹ́míjàn níbí, ní ẹnubodè Igolo lábẹ́ Ìfọ̀nyìn ní Benin, níbi tí títì Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ti fẹ́ kan Ìdí-Ìrókò ní Nàìjíríà. Kì í ṣe ohùn tí wọ́n tún ṣe. Ọ̀fun ló ti ń fà á jáde, á gé ìparí gbólóhùn lójijì, á sì ti bọ́ sínú èyí tó kàn kí ẹni tó ń gbọ́ tó mí. Síbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ tó sọnù. Oládàpọ̀ Ọláìtán Ọláonípẹ̀kun lorúkọ ẹni tó ni ohùn náà. Akọrin ráàpù ni, Dagrin ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí. Ó gbé àwo C.E.O. jáde ní 2009, ìjàǹbá ọkọ̀ sì gba ẹ̀mí rẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin 2010. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ pa ní oṣù Kẹjọ 2019, ìrẹsì dúró, tòmátì jẹrà, orin ò dúró. Láti orí fóònù sí fóònù ló ń gbà kọjá.

Bó ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ ka ìlù ni etí mi máa ń lọ sí jù. Ráàpù Amẹ́ríkà máa ń tẹ sílébù kan mọ́lẹ̀ nínú ọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni ìlù á ti pàdé rẹ̀. Èdè tiwa ò ní ìtẹ̀mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ ohùn ló ń gbé ìtumọ̀. Ẹni tó bá fi ọgbọ́n Amẹ́ríkà ṣe Yorùbá á fa ọ̀rọ̀ sókè níbi tí ìlù bá ti dún, ọ̀rọ̀ á di ohun mìíràn, tàbí kó má tiẹ̀ di nǹkan kan. Dagrin kì í fa ọ̀rọ̀. Ó ń jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà ní àyè ohùn rẹ̀, á kó sílébù mẹ́rin-márùn-ún jọ ṣáájú ìlù, á wá fi àlàfo sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bí oníbàtá tó mọ ìgbà tó yẹ kí ọwọ́ sinmi. Ìparí ìlà méjì lè má fi bẹ́ẹ̀ jọra, ṣùgbọ́n tí méjèèjì bá jọ já sí ohùn ìsàlẹ̀, etí á gbà pé wọ́n bára mu. Lord of Ajasa ti ń tọ ọ̀nà yìí ṣáájú rẹ̀. Ọlámidé, tó gbé Rapsodi jáde ní 2011, sọ ọ́ di ọ̀nà ńlá. Ṣáájú wọn, ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó tó ń ráàpù ló ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ New York, àwọn kan sì ka ìyẹn gan-an sí ojúlówó.

Irú àríyànjiyàn yìí, bóyá èdè ẹni lè gba ráàpù, ti wáyé níbòmíràn. Ní Japan, orí ọ̀rọ̀ ìṣe ni gbólóhùn sábà máa ń parí sí, fáwẹ̀lì wọn ò sì ju márùn-ún lọ. Ìbáramu tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ kì í dùn létí. King Giddra, tí Zeebra àti K Dub Shine wà nínú wọn, gbé àwo jáde ní 1995, wọ́n tún gbólóhùn tò títí èdè wọn fi gba ráàpù. Ní Korea, Verbal Jint ṣe iṣẹ́ tó fara jọ ọ́ ní 2001 nínú Modern Rhymes. Ilé ijó kéékèèké ní òru ni wọ́n ti ń dán akọrin wò ní Japan fún ìgbà pípẹ́. Ní Korea, tẹlifíṣọ̀n ti lọ́wọ́ sí i láti ìgbà ẹgbẹ́ olórin Seo Taiji and Boys ní 1992, ìdíje Show Me the Money sì gbé ìdánwò náà wá sí ojú gbogbo ìlú láti 2012. Èmi ò gbà pé tẹlifíṣọ̀n ló ń ba ráàpù jẹ́; yíyá ohùn ẹlòmíràn lò ló ń bà á jẹ́. Ní 2015, Keith Ape ọmọ Korea pe Kohh àti Loota láti Japan sórí “It G Ma”. OG Maco ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀hónú hàn pé orin òun ni wọ́n wò ṣe é, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí Kohh níbẹ̀: ọmọ Tokyo ló ń sọ̀rọ̀, kò ya ahọ́n ẹnikẹ́ni lò.

Ní Ìfọ̀nyìn, ọ̀rọ̀ náà tún lọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀dọ́ tó ń ráàpù ní Banigbé tàbí Daagbé ń sọ ẹ̀ka Yorùbá tirẹ̀ nílé, ó ń gbọ́ Ẹ̀gùn lọ́jà, Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ níwèé. Tó bá wá fẹ́ kọrin, Yorùbá ìgboro Èkó ló ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, pẹ̀lú ẹnà tí kò bá a dàgbà. Àwọn àgbà máa ń tọ́ka sí Ẹ̀fẹ̀, tí ń ṣíwájú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lóru, tí olórin á máa fi orin bá oníwàkiwà wí. Wọ́n ní ráàpù wa ti wà tipẹ́. N kò gbà á bẹ́ẹ̀. Olórin Ẹ̀fẹ̀ ní ère lórí, ó ní elégbè, àwọn ìyá tí à ń fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bọlá fún wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń ráàpù dá dúró ni, orúkọ ara rẹ̀ ló fi ń bú. Ohun tó yẹ kó kọ́ lára Ẹ̀fẹ̀ ni pé èdè ìlú gan-an ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ọ̀rọ̀ ará ìlú ni wọ́n sì ń sọ.

Blaaz ti fi Faransé àti Fọ̀n ráàpù ní Kútọnu. Ẹni tí mo ń retí nìyí: ẹni tí yóò fi Yorùbá Ìfọ̀nyìn ráàpù láìtún un ṣe, tí Faransé á bọ́ sí ibi tó ti ń bọ́ nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, tí èébú Ẹ̀gùn á tẹ̀ lé e, tí yóò sì sọ̀rọ̀ àwọn tó ń to bẹntiróòlù kpayo, ìyẹn ti fàyàwọ́, sínú ìgò lẹ́bàá títì, tí wọ́n fi náírà rà á láàárọ̀, tí wọ́n ń fi sẹ́fà tà á lọ́sàn-án.