Bàbá Ń Wúkọ́, Ọmọ Ń Wò

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí ti wọ́pọ̀ láàrin wa: baálé ilé á pa sìgá tì nítorí ọmọ, á ra vape, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fà bíi sìgá, á ní òun ti bọ́. Aṣọ ò rùn mọ́, inú ìyàwó dùn. Ṣùgbọ́n ikọ́ ò lọ.

Ikọ́ yìí nídìí. Àwọn irun tín-tìn-tín wà nínú ọ̀nà èémí tó máa ń gbá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti ìdọ̀tí jáde. Èéfín sìgá ti sọ wọ́n di ọ̀lẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí sìgá bá kúrò, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ikọ́ á sì pọ̀ sí i fúngbà díẹ̀. Irú èyí máa ń rọlẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣùgbọ́n vape fúnra rẹ̀ náà ń fa ikọ́. Propylene glycol tó wà nínú omi rẹ̀ máa ń gbẹ ọ̀fun, nicotine tó bá le sì máa ń ta á. Ẹni tó bá dín agbára nicotine náà kù, tó ń mu omi dáadáa, lè rí ìtura.

Bí ikọ́ bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò, torí ó lè jẹ́ ikọ́ ife. Ní Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò ikọ́ ife nílé ìwòsàn ìjọba tó ń ṣe é. Bí ẹ bá ń tu ẹ̀jẹ̀, tí ẹ̀ ń rù, tàbí tí èémí yín ń gé, ẹ má dúró rárá. Ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ̀ ń fà fún dókítà, ẹ má tijú. Ìdí ni pé láti 2019 sí oṣù kejì ọdún 2020, èèyàn 2,807 ni vape kó dé ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà tàbí tó pa. 68 nínú wọn kú. Omi tí wọ́n pò mọ́ èròjà igbó ni ọ̀pọ̀ wọn fà, èyí tí ọ̀pọ̀ wọn rí lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni padà sídìí sìgá o. Ewu vape kéré sí ti sìgá, nítorí kò sí ohun tó ń jóná nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: nicotine tó so wá mọ́lẹ̀ nídìí sìgá ló ṣì ń dè wá nídìí vape. Ẹ jẹ́ ká máa dín in kù títí a ó fi fi í sílẹ̀ pátápátá.

Nítorí àwọn ọmọ ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọn. Èéfín sìgá máa ń lé ọmọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àwọn vape kan ń ta sánsán bí máńgòrò, èyí sì ń pè wọ́n. Ọpọlọ ọmọ ṣì ń dàgbà títí di nǹkan bí ọdún 25, nicotine sì lè ba ìdàgbàsókè yẹn jẹ́. Bí ọmọ kékeré bá gbé omi vape mu, májèlé ni. Ẹ ti vape mọ́ inú àpótí. Ẹ má fà á nínú ilé tàbí nínú mọ́tò. Bí ọmọ bá béèrè ìdí tí ẹ fi ń wúkọ́, ẹ má purọ́ fún un. Ẹ ní: “Ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi bẹ̀rẹ̀ ni, ó ṣòroó fi sílẹ̀, má ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láé.”

Ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn. Ẹ bá wọn sọ ọ́ lónìí, kí ọ̀rẹ́ ilé ìwé tó fi vape lé wọn lọ́wọ́.