Ẹ Yẹ Sítátà Wò Kí Ẹ Tó Dárúkọ Èèyàn

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo gbé wá lónìí, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ìjọ mọ̀ pé iṣẹ́ rewaya ni mo kọ́ kí n tó gba ìpè. Mítà mi ṣì wà nínú búùtù.

Mọ́tò kọ̀, kò sítáàtì, a ti ní ẹnì kan nílé ló fọwọ́ kàn án. Mo gbà pé ọ̀tá wà, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Ṣùgbọ́n èèyàn ló ṣe sítátà. Charles Kettering, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe oníná tí Cadillac fi sínú mọ́tò wọn ti 1912. Kó tó dìgbà náà, irin ni wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnì láti iwájú, irin náà a sì máa ta padà, a ṣẹ́ èèyàn lápá.

Arákùnrin kan níbí ní Ìpele ti dárúkọ ìyá àgbà kan nínú ẹbí rẹ̀. Ẹni tó ń bá a tún mọ́tò ṣe náà ti ní kó lọ ra sítátà míì. Mo ní kó tan iná iwájú, kó yí kọ́kọ́rọ́. Ó dún "kọ́!" lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, iná ò ṣe bàìbàì rárá. Bátìrì wà ní 12.5 volt. Ó dáa. Mo wá fi ẹnu mítà kan sí orí nẹ́gátíìfù bátìrì, èkejì sára ẹ́ńjìnì, mo ní kó tún yí i. Kò yẹ kó kọjá ìdajì volt. Ó lé ní 5! Wáyà ẹ́ẹ̀tì ló ti dípẹtà lábẹ́ bóòtù. A tú u, a fi sáńpépà ha á, a dè é padà. Mọ́tò dáhùn.

Sítátà ò ṣe nǹkan kan. Mama náà ò ṣe nǹkan kan. Arákùnrin mi, mo mọ̀ pé ò ń ka ọ̀rọ̀ yìí: o ò tíì lọ kí wọn.

Tí tiyín bá ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ léraléra, tí iná sì ń kú lọ, bátìrì àti orí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí sítátà bá ń yí, kò yẹ kó já sí ìsàlẹ̀ 9.6. Tí kò bá dún rárá, ó lè jẹ́ wáyà kékeré tó lọ sí solenoid, tàbí ibi kọ́kọ́rọ́. Tí ẹ bá gbá sítátà jẹ́jẹ́ tó sì yí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ búrọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ ló ti jẹ. Ìyẹn lẹ lè náwó lé. Kí jíà wà ní nútírà o, kí ọwọ́ sì jìnnà sí fáànù.

Ẹni tó bá fẹ́ yá mítà, ẹ wá bá mi lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.