Pákó Ìdí Ọkọ̀ ní Etí Ọ̀sà Àjàṣẹ́

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà wọ Àjàṣẹ́. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wa ń gba ojú títì tí ó ti Kútọnù wá, a ó kọjá lórí afárá, ìlú yóò sì là sí wa lójú. Ọ̀nà kejì dàgbà ju èyí lọ, orí omi ni ó sì wà. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní etí ọ̀sà wa, tí ó dorí kọ ìlà-oòrùn, yóò dé Àgbàdárìgì, yóò sì dé Èkó láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ẹni tí ó bá dorí kọ ìwọ̀-oòrùn yóò gba ojú omi Totchè bọ́ sínú adágún Nokoué, níbi tí Ganvié dúró sí lórí òpó. Bí ó bá sì ṣe òkè odò ni ó ń lọ, yóò pàdé Ouémé, odò tí ó rìn ju 500 kìlómítà lọ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Láàárín àwọn omi wọ̀nyí ni Aguégué wà, ilẹ̀ àwọn apẹja àti àgbẹ̀, níbi tí ọkọ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ tí kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù ń ṣe fún àwa ará òkè.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ̀wé nípa àwọn ilé orí omi, àwọn àlejò sì ti ya àwòrán wọn tó. Ní tiwa, nígbà tí a wọ ọkọ̀ lọ sí Aguégué nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, pákó kan ṣoṣo ni a lọ wò. Òun ni pákó tí ó dí ẹ̀yìn ọkọ̀, tí a gbé ẹ̀rọ kọ́. Àwọn tí ń sọ Faransé ń pè é ní tableau arrière, orúkọ tí ó dùn bí ẹni pé àwòrán ni wọ́n gbé kọ́ sára ògiri. Pákó ìdí ọkọ̀ ni àwa ń pè é, orúkọ yìí sì sàn jù lójú tiwa, nítorí pé nínú èdè wa, ìdí ni ibi tí nǹkan jókòó lé, òun náà sì ni ohun tí ó fa ọ̀rọ̀.

Àwọn baba wa tí wọ́n kọ́kọ́ na ọ̀pá lórí ọ̀sà yìí kò mọ pákó náà rí. Ọkọ̀ tiwọn jẹ́ ìtì igi kan ṣoṣo tí a gbẹ́ inú rẹ̀. Ó ṣe ṣóńṣó níwájú, ó sì ṣe ṣóńṣó lẹ́yìn, omi sì ń yọ̀ kúrò lára rẹ̀ bí ó ti ń yọ̀ lára ẹja. Ọ̀pá, àjẹ̀ àti aṣọ ìgbòkun ni agbára rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, kò rí ibi tí yóò gbé ọwọ́ lé lẹ́yìn ọkọ̀ ṣóńṣó. A gé ìrù ọkọ̀ nítorí rẹ̀, a sì fi pákó dí ojú ibi tí a gé. Nítorí náà, bí ó ti wù kí ọkọ̀ náà jọ ti ayé àtijọ́ tó, ìdí rẹ̀ jẹ́ ohun titun, ibẹ̀ sì ni ìyà pọ̀ sí jù. Gbogbo agbára tí ẹ̀rọ fi ń ti ọkọ̀ lọ, ara pákó yìí ni ó ti ń kọjá. Àpò ìrẹsì, agbọ̀n tòmátì, ọmọ ilé ìwé, aláboyún tí wọ́n ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn, orí pákó tí kò nípọn ju ìbú ìka ọwọ́ mẹ́ta ni ìrìn àjò gbogbo wọn wà.

Ọkọ̀ tí a lọ wò jẹ́ ti ìyá kan tí ń ra ẹja yíyan ní Aguégué, tí ń gbé e wá sí Àjàṣẹ́, tí ó sì ń ná ọjà Adjarra tí ń pé lọ́rọọrún. (Ẹ̀yin tí ẹ ń fi kàlẹ́ńdà Faransé ka ọjọ́ yóò wí pé ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni, àwa ń ka ọjọ́ òní mọ́ ọn.) Ọmọ àbúrò rẹ̀ ni ó ń tukọ̀. Òun ni ó kọ́kọ́ rí i pé nígbà tí òun bá fún ẹ̀rọ ní iná, orí rẹ̀ a máa mì bí orí àgbàlagbà tí ń tòògbé. Ó dè é títí, kò gbọ́. Bí ẹ̀rọ bá já bọ́ sínú ọ̀sà, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ni yóò gbà á, gbèsè tí wọ́n fi rà á yóò sì ṣẹ́ kù lórí ilẹ̀.

Akànkọ̀ tí wọ́n pè kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi ẹ̀yìn òòlù kan pákó náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń tẹ́tí. Lápá òkè, ó dún ko, ko, ko. Ní àyíká ìṣó ńlá tí a ń dè lẹ́yìn, èyí tí gbogbo wa ń pè ní boulon, ohùn náà yí padà, ó dún bí ẹni tí ń lu àpò gààrí. Ó fi ọ̀bẹ gún ibẹ̀. Ọ̀bẹ wọlé bí ẹni fi gún iṣu sísè, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dà aláwọ̀ ojú ọ̀run tí wọ́n kùn sí i ṣì ń dán.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni ọmọkùnrin atukọ̀ wí, “ẹ jẹ́ kí a kan irin pẹlẹbẹ bò ó, kí a sì kùn ún. Ọjọ́ kan péré ni.”

“Àbúrò, kí ni ìwọ yóò kan irin náà mọ́? Igi ni ìṣó ń wá láti dì mú.” Ó wá yíjú sí ìyá náà. “Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọwọ́ yín kàn án.”

Ìyá kàn án. Ó ka ìka rẹ̀. “Ọ̀gá, ọjọ́ mélòó?”

“Ọjọ́ mẹ́jọ, bí a bá tètè rí igi.”

Ọjà Adjarra méjì ni ìyẹn, ẹja kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ó wo ọmọ àbúrò rẹ̀, ó wo omi, ó ní, “Ẹ tú u.”

Ọ̀tá méjì ni pákó yìí ní. Ti òkè ni òjò. Ihò tí a lu fún boulon ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀: ẹ̀rọ ń gbọ̀n, ihò ń fẹ̀, omi ń wọlé ní ìwọ̀nba díẹ̀díẹ̀, kò sì rí ọ̀nà jáde nítorí ọ̀dà tí a kùn bo ojú igi. Báyìí ni igi ṣe ń jẹrà láti inú wá, tí ojú rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín sí wa. Ti ìsàlẹ̀ ni kòkòrò omi iyọ̀ tí Faransé ń pè ní taret. Ó rí bí ekòló, ṣùgbọ́n ìdílé àwọn oníkarawun ni ó ti wá. Karawun kékeré tí ó wà lórí rẹ̀ ni ó fi ń gbẹ́ igi. Iyọ̀ ni ó ń tẹ̀ lé. Ní ọdún 1885 ni àwọn Faransé la ojú omi ní Kútọnù kí adágún Nokoué lè máa ṣàn sínú òkun, kí àkúnya má baà gba ìlú. Ọ̀nà tí omi adágún ń gbà jáde ni omi òkun ń gbà wọlé. Nígbà tí Ouémé bá kún, láàárín oṣù Kẹjọ sí Kọkànlá, omi dídùn a lé iyọ̀ jáde. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, iyọ̀ a tún padà. Ọkọ̀ tí ń rìn káàkiri lórí omi wa ń jẹ ìyà méjèèjì láàárín ọdún kan.

Ọ̀rọ̀ igi ni ó gba àkókò jù. Arère wà ní ọjà, ó fúyẹ́, ó rọrùn láti fá, owó rẹ̀ kò wọ́n. Ṣùgbọ́n arère tí ó bá ń bá omi gbé kì í pẹ́. Ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni akànkọ̀ ń fẹ́, nítorí pé kòkòrò omi kì í fẹ́ràn rẹ̀. Kò rí i. Ìrókò ni wọ́n rí, pákó méjì láti ọwọ́ ẹni tí ń wó ilé àtijọ́ kan ní Àjàṣẹ́. A mọ irú ojú tí àwọn ènìyàn wa fi ń wo ìrókò. Ọ̀pọ̀ igbó wa ni ó jẹ́ pé nítorí Olúwéré ni igi kan ṣe ṣẹ́ kù níbẹ̀. Ní tiwa, ìrókò tí ó ti ṣe òpó ilé fún ìran kan, tí ó wá ṣe ìdí ọkọ̀ fún ìran mìíràn, sàn ju kí a tún lọ gé òmíràn lulẹ̀. Ó gbẹ dáadáa pẹ̀lú, igi tútù kò sì yẹ fún iṣẹ́ yìí rárá: bí ó bá ń gbẹ ni yóò máa súnkì, boulon yóò sì tún di aláìdúróṣinṣin.

Wọn kò ju pákó àtijọ́ nù kí wọ́n tó fi í wọn titun. Akànkọ̀ to àwọn àfọ́kù rẹ̀ sórí ilẹ̀, ó fi èédú fa ìlà yí i ká. Ó ṣọ́ gíga rẹ̀ gidigidi, nítorí pé ọ̀pá ẹ̀rọ kì í ṣe bákan náà: a ń ṣe kúkúrú fún pákó tí ó ga tó 38 sẹ̀ǹtímítà, gígùn fún èyí tí ó tó 51. Bí pákó bá ga jù, abẹ̀bẹ̀ ẹ̀rọ yóò máa na afẹ́fẹ́; bí ó bá kúrú jù, omi yóò máa fò wọ inú ọkọ̀ láti ẹ̀yìn. Ó jẹ́ kí ó fara tì sẹ́yìn díẹ̀, bí àga àwọn àgbà. Lẹ́yìn náà ni ó kan igi méjì tí wọ́n ṣẹ́ bí orúnkún mọ́ ọn láti inú, apá kan lórí pákó, apá kejì lórí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, kí agbára ẹ̀rọ má baà dúró sójú kan. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a rí ní etí omi kò ní orúnkún yìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ọkọ̀, kí ó kọ́kọ́ wo ibẹ̀.

Dídí àlàfo ni iṣẹ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Wọ́n lọ́ òwú, wọ́n ki í bọ inú ojú ìsopọ̀, wọ́n da ọ̀dà gbígbóná lé e. Ṣùgbọ́n akànkọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó lu ihò boulon. Ó lù wọ́n, ó da ọ̀dà sínú wọn títí igi fi mu àmuyó, ó dúró di ọjọ́ kejì, ó sì tún lù wọ́n. A bi í léèrè ìdí tí ó fi ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. “Ibí ni èyí àtijọ́ ti kú,” ni ó wí. Ó fi irin pẹlẹbẹ sí abẹ́ orí boulon kọ̀ọ̀kan kí ó má baà jẹ igi wọlé.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni ọkọ̀ padà sómi, kì í ṣe ìkẹjọ. Atukọ̀ fún ẹ̀rọ ní iná díẹ̀, ó fi kún un, gbogbo wa sì ń wo orí ẹ̀rọ. Kò mì. Ìyá náà kò dúró wo ìyókù. Ó ti ń pe àwọn alágbàrù kí wọ́n wá gbé agbọ̀n ẹja.

Ọkọ̀ méjì mìíràn wà lórí iyanrìn tí wọ́n ń dúró de akànkọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn mọ́ ìdí rẹ̀, a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kun irin náà ní ọ̀dà pupa. Ó gbé òòlù rẹ̀, ó lọ bá a.