Efínrín Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbìn

Efínrín tí gbogbo ayé mọ̀, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbé. Ọbẹ̀ á wà lórí iná, ìyá á rán ọmọ pé kó já díẹ̀ wá. Èyí tí mo fẹ́ sọ kì í wá sílé. Efínrín ọ̀dàn ni wọ́n ń pè é, àwọn mìíràn ń pè é ní efínrín gogoro nítorí gíga rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ewéko pè é ní Lippia multiflora, wọn kò tilẹ̀ kà á mọ́ ẹbí efínrín. Imú ni àwọn baba wa fi sọ wọ́n di ọmọ ìyá.

Láti ìlú Afo ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, bí o bá kọjú sí Àkókó, igbó á máa fúyẹ́, koríko àti àpáta á bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló fẹ́. Ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń yí oríkèé kan ká, etí wọn rí ṣágiṣàgi bí ayùn; òdòdó rẹ̀ funfun, ó kéré, ó ṣù jọ. Fún ewé kan mọ́ àtẹ́lẹwọ́ láàárọ̀, wàá ṣì máa gbọ́ òórùn rẹ̀ nígbà oúnjẹ ọ̀sán.

Ibà ni àwọn àgbà fi ń lé. Wọ́n á sè é, wọ́n á mu díẹ̀, wọ́n á fi ìyókù wẹ̀. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, kọ ọ́ jáde ní ọdún 2000 pé epo inú ewé náà ń pa iná orí àti kòkòrò kúrúnà. Àwọn kan ń mu ún nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Èmi ò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni torí ìyẹn da oògùn dókítà nù.

Orúkọ tuntun tó gbà ló ń kọ mí lóminú. Tíì ni wọ́n ń pè é báyìí. Ní Côte d'Ivoire àti Burkina Faso, wọ́n ń sá a gbẹ, wọ́n ń tà á. Ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n àgbo lọ́jọ́ tó ń parí: ibà á lọ, wọ́n á da èérí rẹ̀ nù, wọ́n á dojú ìkòkò dé. Tíì kì í parí, àràárọ̀ ni. Ta ló ń gbìn ín fún irú ẹnu bẹ́ẹ̀?

Bí iná ọ̀dàn bá jó o, ìdí rẹ̀ á tún rú nígbà òjò. Èyí tí wọ́n bá fà tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò ni kì í padà, àti èyí tí a fín oògùn apakoríko sí. Ìyá ẹlẹ́wé-ọmọ tó fi hàn mí kì í já ju ẹ̀ka méjì lára ọ̀kan, kì í sì í fọwọ́ kan èyí tó ń tanná.

Èmi náà gbìyànjú. Mo di irúgbìn rẹ̀ sínú bébà wálé, ó rí bí eruku. Mo fi ọkọ́ wa ilẹ̀ bí ẹni ń gbin àgbàdo, mo bò ó dáadáa. Ẹyọ kan ò hù. Ìyàwó mi wò ó títí, ó ní, “Bàbá Báyọ̀, ẹ ti sin ín.” Lọ́dún kejì, mo kàn fọ́n ọn sórí ilẹ̀ ni, mo sì ń fọwọ́ wọ́n omi sí i. Mẹ́rin hù. Ewúrẹ́ jẹ ọ̀kan.

Lánàá, ọmọ-ọmọ mi lóṣòó tì í, ó ní, “Bàbá àgbà, ṣé ó ti tó fi ṣe tíì?”

Mo ní kò tíì tó. Kó kọ́kọ́ so ná.