Mo Purọ́ Mọ́ Ọlọ́kadà

Ọlọ́kadà kankan kò gbá mi. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń sọ kiri pé ọlọ́kadà ló gbá mi ṣubú ní Ògijo, táwọn èèyàn ń bá mi kẹ́dùn, táwọn mìíràn ń bá mi ṣẹ́ èpè. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ pé irọ́ ni, ọlọ́kadà sì ni òun náà.

Àwa mẹ́rin la jọ máa ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere jáde láàárọ̀ Sátidé, kí tírélà tó gba títì. Kóòṣì ni wọ́n ń pè mí. Mi ò níwèé ẹ̀rí kankan o. Èmi ni mo kọ́kọ́ ra kẹ̀kẹ́ tó ní jíà, ẹnu mi sì dùn. Èmi ni mo kọ́ wọn pé kéèyàn jẹun kí ebi tó dé, àti pé a kì í fún bíréèkì iwájú nìkan pọ̀ lórí iyanrìn.

Oṣù Kẹjọ ọdún 2024 ni. Orí mi ṣì ń wú lọ́wọ́ nígbà náà. Ní oṣù tó ṣáájú, Biniam Girmay, ọmọ Eritrea, gba ẹ̀wù aláwọ̀ ewé ní eré ìje kẹ̀kẹ́ Tour de France, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó máa gbà á. Mo wá ẹ̀wù aláwọ̀ ewé rà nínú òkìrìkà, mo sì pe àwọn èèyàn mi pé ọ̀nà jíjìn yá: ká gbéra ní Ògijo, ká gba Ṣágámù dé Ìkẹ́nnẹ́, Ìlíṣàn, Ìpẹru, Òde Rẹ́mọ àti Ìsarà, ká tó yíjú sílé. Ìyàwó mi di mọ́ínmọ́ín méjì fún mi nínú ewé, ó ní, “Dádì, ẹ má gbé e padà wálé o.” Mo kó o sínú àpò ẹ̀yìn ẹ̀wù.

A dúró ní Ìkẹ́nnẹ́, kò jìnnà sí ilé Awólọ́wọ̀. Ìyá kan ń dín ọ̀jọ̀jọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ń fìka bu ewùrà rírin tó ti po mọ́ ata sínú epo, epo ń han yẹ́ẹ́. Àwọn yòókù jókòó tì í. Èmi ń wo fóònù, mò ń ka ìṣẹ́jú. Mo fẹ́ dé ilé kí àkókò tó kọjá iye wákàtí kan tí mo ti ń lépa láti ọjọ́ pípẹ́. Omi nìkan ni mo mu.

Ohun tí mo mọ̀ dáadáa, tí mo sì máa ń fi ṣe ìwàásù fáwọn yòókù, ni pé inú iṣan àti ẹ̀dọ̀ lara ń tọ́jú ṣúgà sí. Ẹni tó bá ń tẹ pẹ́dà kíkankíkan fún bíi wákàtí kan àbọ̀ sí méjì láìjẹun, ó ti ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, ojú á máa ṣú. Èyí tó tiẹ̀ burú jù ni pé orí kò ní ṣírò dáadáa mọ́, ẹni tí ebi yẹn bá mú sì lè má mọ̀ pé ebi ni. Nígbà tá a ti yíjú sílé, tá a kọjá Mósímì níbi tí ibùdó epo wà, èmi rò pé agbára ni mo ní. Mo fi àwọn yòókù sílẹ̀, mo sá lọ.

Ẹni tó bá mọ Ògijo mọ bí títì ibẹ̀ ṣe rí: ilé iṣẹ́ ayọ́rin lọ súà, tírélà tó kó àlòkù irin, eruku dúdú, dísù tó ń ro sílẹ̀ tó sì ń po mọ́ iyanrìn. Ọlọ́kadà kan dúró níwájú mi láti já èrò sílẹ̀. Ó jìnnà sí mi tó òpó iná mẹ́ta. Ọmọdé tó ń kọ́ kẹ̀kẹ́ ìbá yà fún un wẹ́rẹ́. Àyà mi ṣàdédé já, ọwọ́ mi sì fún bíréèkì iwájú nìkan pọ̀, lórí iyanrìn tí dísù ti rin. Táyà iwájú yọ̀ lábẹ́ mi. Mo na ọwọ́ òsì láti fi gba ilẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí wọ́n bá dá igi gbígbẹ.

Ọlọ́kadà yẹn ló yí padà. Ó tú aṣọ tó wé mọ́ ọrùn, ó fi so apá mi mọ́ àyà, ó fi kẹ̀kẹ́ mi ti fọkanáísà kan, ó rọra gbé mi lọ síléèwòsàn. Lójú ọ̀nà, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí ló gbé yín ṣubú?” Mo ní kòtò ni. Kò gbowó lọ́wọ́ mi.

Wọ́n ya fọ́tò eegun: eegun tó so èjìká mọ́ igbá àyà ti dá sí méjì. Nọ́ọ̀sì ń bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn mi ni mọ́ínmọ́ín já bọ́, méjèèjì ti fẹ̀ pẹrẹsẹ nínú ewé. Àsìkò yẹn gan-an ni ìyàwó mi wọlé, táwọn ọ̀rẹ́ mi tẹ̀ lé e. Ó wo mọ́ínmọ́ín, ó wò mí. Mo gbọ́ ohùn ara mi: “Ọlọ́kadà ni.” Kóòṣì kò lè ṣubú fúnra rẹ̀.

Girmay náà ṣubú nínú eré yẹn, ní ìlú Nîmes, ẹ̀wù aláwọ̀ ewé lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n rán ìgúnpá àti orúnkún rẹ̀, ó sì gun kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀wù rẹ̀ nìkan ni mo wá rà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni apá mi fi wà nínú aṣọ tí wọ́n fi gbé e kọ́ ọrùn. Akoto mi là nínú, mo sì fẹ́ máa dé e bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí ọ̀kan nínú wa gbà á lọ́wọ́ mi tó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fọ́, ó ní ìgbà kan péré ni nǹkan yẹn ń gba ìyà fún orí. Èmi náà ni mo kọ́ ọ ní ìyẹn.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, mo wá ọlọ́kadà yẹn lọ síbi táwọn ọlọ́kadà ti ń tò. Ó dá mi mọ̀. Ó bi mí léèrè èjìká, ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, mo padà lọ wo kòtò yẹn o. Mi ò rí i.”

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo jẹ́wọ́ fún ìyàwó mi. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní, “Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń fẹsẹ̀ rìn láti oríta wálé, torí mo ní mi ò ní gun ọ̀kadà mọ́ láyé.”

Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Láàárọ̀, mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí mo fi gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà: “Ọ̀kadà! Ọ̀kadà! Ẹ dúró!”