Ewùrà Tí Mo Wá Kiri Kàdúná

Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ni pé kí n gba ìròyìn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí n sì tú u sí Yorùbá. Ọ̀rọ̀ tó le ti kọjá lọ́wọ́ mi: ti òfin, ti ìṣègùn, ti owó orí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́kún lọ́dún tó kọjá kò sí nínú ìròyìn kankan. Orúkọ iṣu ni.

Kàdúná ni èmi àti ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí mi. Nígbà tí a kọ́kọ́ kó dé ìhà Àríwá, mi ò da ara mi láàmú nítorí oúnjẹ ilé. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ tuwo, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń se miyan kuka, ọmọ mi sì gbà pé kò sí oúnjẹ àárọ̀ tó dára ju kosai àti koko lọ. Gaari Ìjẹ̀bú nìkan ni mo máa ń gbé bọ̀ láti ilé, nítorí kò sí gaari mìíràn tó kan bíi tirẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá ni ìyá mi dolóògbé. A ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ, a ṣe ti ogójì ọjọ́, àwọn àlejò sì lọ tán. Ó wá ku bàbá mi nìkan nínú ilé oníyàrá mẹ́fà. Wọ́n ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi fẹnu kò pé kí wọ́n wá lo ìgbà díẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Oṣù Kẹjọ ni mo lọ mú wọn. Báàgì kan ṣoṣo ni wọ́n gbé, pẹ̀lú tẹ̀sùbáà wọn àti rédíò kékeré kan.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé wọn kì í jẹun tán. Òkèlè mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n á ní, “Ọpẹ́ ni o, mo ti yó.” Mo ro àmàlà, mo gún iyán, mo se ẹ̀wà, ibì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń já sí. Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù Kẹsàn-án, ẹ̀wù wọn ti ń fẹ̀ sí wọn lára. A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wọn wò, ó ní òun ò rí àìsàn kankan. Ó wá bi mí pé, “Kí ni wọ́n fẹ́ràn láti máa jẹ nílé?” Ojú tì mí pé dókítà ló kọ́kọ́ béèrè ìyẹn.

Ohun kejì tó ń dùn mí ni pé wọn ò pe oríkì mi mọ́. Láti kékeré, Àbẹ̀kẹ́ ni bàbá mi máa ń pè mí. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni wọ́n ti ń pe orúkọ tó wà nínú ìwé ẹ̀rí mi, bí ẹni tó ń pe akọ̀wé báńkì. Ti ìyá mi ńkọ́? Wọn ò dárúkọ wọn rárá.

Lálẹ́ ọjọ́ tí a ti ilé ìwòsàn dé, mo kúnlẹ̀ níwájú wọn.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ fẹ́ jẹ? Ẹ ṣáà dárúkọ rẹ̀.”

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. “Bí ìkọ́kọrẹ́ bá wà,” ni wọ́n wí, “ǹ bá fẹnu kàn án.”

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí kì í ṣe Ìjẹ̀bú. Ewùrà ni a fi ń se ìkọ́kọrẹ́. A ó rin ín, a ó fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, a ó sì máa bù ú ní ìṣù kéékèèké sínú ọbẹ̀ ata, epo pupa, ẹja gbígbẹ àti edé tó ń hó lórí iná. A kò gbọdọ̀ rò ó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A ó dé e títí tí àwọn ìṣù náà yóò fi le díẹ̀, kí a tó rọra yí i. Ẹ̀bà tútù tí a fi gaari Ìjẹ̀bú tẹ ni ẹnìkejì rẹ̀.

Iṣu kò wọ́n ní Kàdúná. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ń mú iṣu jáde tó Nàìjíríà lágbàáyé, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù sì ń kó o wá láti Benue àti ìpínlẹ̀ Niger. Ṣùgbọ́n iṣu funfun ni gbogbo èyí tí mo rí. Mo fi ìyẹn gbìyànjú. Bí mo ṣe bù ú sínú ọbẹ̀, ó tú ká, ó di ohun tí kì í ṣe ọbẹ̀, tí kì í sì í ṣe àsáró. Bàbá mi wò ó. “O ṣeun, ọmọ mi,” ni wọ́n wí, wọ́n sì fọwọ́.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gba ọjà àárín ìlú lọ. “Water yam” ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ewùrà, ìyẹn iṣu olómi. Doya ni Hausa ń pe iṣu, ruwa sì ni omi. Èmi tí mo ń fi ìtumọ̀ jẹun, mo so gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo bi bàbá oníṣu kan bóyá ó ní doya mai ruwa. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó gbé iṣu kan, ó fi ọwọ́ gbá a kí n lè gbọ́ bó ṣe ń dún, ó ní kò sí omi nínú iṣu tòun, pé kí n wá ẹni tó ń ta iṣu rírà lọ síbòmíràn. Mo tọrọ àforíjì títí. Àṣìṣe tí mo máa ń bá àwọn akọ̀ròyìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wí sí gan-an ni mo ṣe: mo tú ọ̀rọ̀, mi ò tú ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí.

Mo lọ sí Kasuwan Barci, mo lọ sí Kawo. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo dé Sabon Tasha, níbi tí obìnrin Ìgbò kan ti ń ta kókò. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò sọ̀rọ̀. Àwòrán ni mo fi hàn án lórí fóònù.

“Ji abana!” ló wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ará Ebonyi kì í fi ṣeré rárá, pé sakata ni Hausa ń pè é. “Ṣùgbọ́n àǹtí, ó ṣì wà nínú ilẹ̀. Ẹ padà wá tí ọyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀.”

Mo dúró síbẹ̀ bí òmùgọ̀. Iṣu funfun tuntun ti máa ń dé ọjà láti bí oṣù Kẹjọ, ṣùgbọ́n ewùrà a máa pẹ́ nílẹ̀, ó máa ń di oṣù Kọkànlá tàbí Kejìlá. Ìyá mi kì í se ìkọ́kọrẹ́ ewùrà tuntun ní oṣù Kẹwàá. Ogún ọdún ni mo fi jẹ ẹ́ nílé, mi ò sì bi wọ́n léèrè rí pé ìgbà wo ni wọ́n ń wa ewùrà.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni bàbá mi sọ pé àwọn fẹ́ padà sílé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tẹ̀ mí láago, ó ní bí Bàbá ò bá jẹun dáadáa kí oṣù Kejìlá tó parí, òun á wá mú wọn. Mo bẹ̀ wọ́n pé, “Bàbá, ẹ fún mi di ìgbà ọyẹ́.” Ẹ̀rù ń bà mí. Ta ni yóò wà pẹ̀lú wọn nínú ilé oníyàrá mẹ́fà yẹn?

Ní ìparí oṣù Kọkànlá, ìyá oníkókò pè mí. Mo ra ewùrà mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, mo jókòó sẹ́yìn ilé, mo ń rin ín, ó sì ń yún mi lọ́wọ́ gidigidi. Màmá Calabar, bí gbogbo ọgbà wa ṣe ń pè é, yọjú láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. “Ta ló ń ṣe ekpang?” ló béèrè. Ọdún mẹ́rin ni a ti ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, mi ò mọ̀ pé òun náà ń rin ewùrà. Àwọn a máa rin ín mọ́ kókò, wọ́n á wé e sínú ewé kókò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, wọ́n á sì sè é pẹ̀lú epo àti ẹja. Ó fi epo pupa pa mí lọ́wọ́, ìyún náà rọlẹ̀, ó sì gba ìdajì ewùrà náà rin. Gbogbo ọjà ni mo ti rìn dé, ẹni tó mọ̀ ọ́n wà lẹ́yìn ògiri mi.

Bàbá mi bu òkèlè kìíní, wọ́n bu ìkejì, wọ́n dúró.

“Ó dára,” ni wọ́n wí. “Ṣùgbọ́n ó kúnná jù. Kì í ṣe bí ti ìyá yín.”

Ọkàn mi kọ́kọ́ já. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Láti ọjọ́ ìsìnkú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n dárúkọ ìyá mi.

“Agolo ni ìyá yín fi ń rin ewùrà,” ni wọ́n ń bá lọ. “Èmi ni mo fi ìṣó lu ú fún un lọ́dún tí a ṣe ìgbéyàwó. Bí ẹnu rẹ̀ bá ti kú, màá lu òmíràn. Àbẹ̀kẹ́, ṣé agolo ò sí nílé yìí ni?”

Mo sáré wọ ilé ìdáná kí wọ́n má baà rí ojú mi. Agolo mílíìkì ọmọ mi ni mo mú jáde. Bàbá mi là á, wọ́n tẹ́ ẹ, ọmọ mi ń gbé ìṣó fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe ń kàn án ni wọ́n ń sọ ìtàn bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ rí ìyá mi lọ́jà Òkè-Àjẹ, tí ìyá mi ò dáhùn ìkíni wọn. Mi ò gbọ́ ìtàn yẹn rí. Ní ọjọ́ kejì, agolo yẹn ni a fi rin ewùrà kejì, wọ́n sì jẹ ẹ̀bà wọn tán. A gbé abọ́ kan lọ fún Màmá Calabar. Abọ́ náà kò padà lófìfo.

Nígbà tó yá, mo kà á pé ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà ni ewùrà ti wá, pé iṣu funfun ni tilẹ̀ wa gan-an. Mo sọ ọ́ fún bàbá mi. “Ó ti pẹ́ tó láàárín wa,” ni wọ́n wí. “Ó ti di ọmọ ilé.”

Ẹ̀yin tí ẹ mú òbí yín wá sí ìlú tí kì í ṣe tiwọn, ẹ má dúró de dókítà kí ẹ tó bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ. Bí ẹ bá sì sè é tí wọ́n ní kì í ṣe bí ti àtijọ́, ẹ má bínú. Ẹ bi wọ́n pé báwo ni ti àtijọ́ ṣe rí.

Ẹ̀gbọ́n mi dé ní oṣù Kejìlá lóòótọ́. Bàbá ní kó máa lọ, pé àwọn ti gé orí ewùrà kẹta, àwọn fi eérú pa á, àwọn sì ń dúró de òjò. Òjò dé, wọ́n gbìn ín sẹ́yìn ilé wa. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ó hù. Ọmọ mi ló kọ́kọ́ rí i, ó sáré wọlé, ó ń pariwo pé, “Doya ta fito! Doya ta fito!” Bàbá mi ò gbọ́ Hausa. Ṣùgbọ́n wọ́n ti mú ọ̀pá wọn, wọ́n ń jáde lọ wò ó.